Àwọn Eku Tí Wọn Ò Gbà Láti Kú

Bàbá mi Alájì, tí mò ń pè tí ẹ ò dáhùn,

Mi ò mọ irú ìkíni tó tọ́ sí ẹni tó wà níbi tí ẹ wà, nítorí náà ìkíni ilé náà ni mo fi ń kí yín. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ara gbogbo wa le. Bùọ̀dá Mùtíù ọmọ yín ṣì ń kó obì lọ sí Òkè Ọya, àmọ́ wọn ò ní sùúrù yín. Wọn kì í tú agbọ̀n wò kí wọ́n tó dì í, àwọn oníbàárà yín àtijọ́ sì ti ń ráhùn. Mo ní kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn torí mo mọ̀ pé òun lẹ máa kọ́kọ́ bèèrè. Ọ̀rọ̀ tí mo jókòó láti sọ gan-an kì í ṣe ti obì. Ọ̀rọ̀ ẹni tó pa yín ni.

Ẹ mọ̀ pé inú mi kì í tètè rọ̀. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ń sọ pé tí wọ́n bá ṣẹ̀ mí nígbà ààwẹ̀, kí wọ́n má wulẹ̀ retí pé màá ti gbàgbé nígbà iléyá. Ẹ máa ń fi rẹ́rìn-ín ni, ẹ ó wá gbọn etí fìlà yín sẹ́yìn, ẹ ó ní ìyá yín ni mo jọ. Láti ọjọ́ tí a ti sin yín, ìbínú ni mo fi ń jí. Mo máa jí, màá kírun, màá wẹ̀, màá gun ọ̀kadà lọ síbi iṣẹ́, orúkọ Bàbá Olólú ni yóò sì wà lẹ́nu mi látàárọ̀ dalẹ́ bí ẹni ń jẹ orógbó.

Ẹ̀yin lẹ mú un wọ ilé wa. Ògèrè lẹ ti pàdé rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà márosẹ̀, níbi tí àwọn onítírélà tó ń bá yín kó obì ti máa ń dúró jẹun. Ó tẹ́ olú gbígbẹ sórí páànù, èyí tó hù lára igi àti èyí tó hù nínú ilẹ̀, ó sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá dúró pé ìyẹ̀fun olú òun ń lé ìtọ̀ ṣúgà lọ. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ra obì lọ́wọ́ ẹni tí ẹ ò bá mọ ilé bàbá rẹ̀, ẹ wá ra oògùn lọ́wọ́ ẹni tí ẹ bá létí títì. Kí ló dé, Bàbá? Ṣé torí pé ó ń bá yín ṣàwàdà ni, àbí torí pé ó ní ẹ lè máa mu tíì oníṣúgà yín lọ?

Oṣù mẹ́ta gbáko, láràárọ̀ lẹ́yìn ìrun, lẹ fi ń po síbí kan mọ́ ẹ̀kọ gbígbóná. Mo bá yín jà. Mo ní ẹ jẹ́ kí n gbé díẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ kí á yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ní iṣẹ́ eku ni mò ń ṣe, kí n fi ọ̀rọ̀ èèyàn sílẹ̀. Oṣù àkọ́kọ́ lọ láìsí nǹkan kan, ẹ tiẹ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ara yín yá ju tèmi lọ. Ní oṣù kejì, ọwọ́ yín bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ọwọ́ tó ń ka obì ní márùn-ún márùn-ún láìwò ó, kò lè di ẹyọ kan mú mọ́. Itọ́ ń dà lẹ́nu yín sórí ìrọ̀rí, ẹ̀ ń làágùn nínú ọyẹ́, ẹ̀ ń bì. A ní ìtọ̀ ṣúgà náà ni. Nígbà tí a fi máa gbé yín dé ọsibítù, ọrùn yín ò gbé orí yín mọ́. Dókítà bèèrè pé àgbo wo lẹ̀ ń mu, Bùọ̀dá Mùtíù dáhùn pé olú ni. Dókítà mi orí, kò bèèrè nǹkan míì. Ní ọjọ́ kẹta, ẹ lọ.

Bàbá Olólú wá síbi fídáù ọjọ́ kẹjọ. Ó jókòó sábẹ́ kánópì, ó jẹ ìrẹsì, ó ń ṣe àmín sí àdúrà tí àáfà ń ṣe fún yín. Mo rí i tó ń fi ìka nu etí àwo. Bàbá, mo dìde láàárín àwọn obìnrin, mo sì sọ ọ́ sókè kí gbogbo àwùjọ gbọ́ pé ẹni tó pa Alájì ló ń jẹ sàráà rẹ̀ yẹn. Ibẹ̀ dàrú. Bùọ̀dá Mùtíù àtàwọn ọ̀rẹ́ wọn gbá a lọ́rùn aṣọ mú, wọ́n tì í jáde, fìlà rẹ̀ bọ́ sínú ọbẹ̀ tó dà sílẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín, inú mi dùn.

Mi ò sì fi mọ síbẹ̀. Lọ́jà, ní mọ́sáláṣí, nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìkẹ́nnẹ́, ibikíbi tí mo bá ti rí etí, mo máa ń sọ ìtàn yín síbẹ̀, màá sì dárúkọ rẹ̀. Mo búra pé títí tí màá fi kú, kò ní sí ibi tí màá dé tí wọn ò ní mọ ẹni tó pa bàbá mi. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kò sẹ́ni tó ń dúró níwájú páànù rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní àwọn ọmọ àdúgbò ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ ní ọmọ apààyàn, pé ìyàwó rẹ̀ ti kó wọn lọ sílé àwọn òbí rẹ̀. Ọjọ́ tí mo gbọ́ ìyẹn, mo jẹ ẹ̀bà àwo méjì.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi, bí ẹ tilẹ̀ ń fi ṣe ẹlẹ́yà. Èmi ni mò ń tọ́jú ilé eku ní ilé ẹ̀kọ́ tó wà lọ́nà Ìkẹ́nnẹ́. Eku funfun ni wọ́n, èyí tó dàgbà nínú wọn kì í wúwo lọ́wọ́ ju obì gbàǹja ńlá kan lọ. Mo máa ń pààrọ̀ lúbúlúbú pákó abẹ́ wọn, mo máa ń wọ̀n wọ́n, mo sì máa ń fi bírò fa ìlà sí wọn nírù kí n lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá gbé oògùn wá pé òun fẹ́ mọ̀ bóyá ó ní májèlé, àwọn eku yìí ló ń kọ́kọ́ mu ún. Màá di eku mú ní awọ ẹ̀yìn ọrùn, màá fi abẹ́rẹ́ kan tí orí rẹ̀ ṣe rìbìtì, tí kì í gún nǹkan, gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ wọ ọ̀nà ọ̀fun, màá sì tẹ oògùn sínú ikùn. Ọwọ́ mi kì í ṣìnà. Ọ̀gá mi, Dókítà Fọlákẹ́, máa ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá wo ọwọ́ mi kí wọ́n tó fọwọ́ kan eku kankan. Mi ò rò pé ẹ mọ ìyẹn.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, mo wọ ọ́fíìsì ọ̀gá mi, mo bá Bàbá Olólú lórí àga. Ó ti rù, kọ́là aṣọ rẹ̀ ti fẹ̀ jù ú lọ. Ó gbé àpò ìyẹ̀fun lé itan.

"Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò, mà," ló ń sọ fún Dókítà Fọlákẹ́. "Wọ́n ní mo pààyàn. Tó bá jẹ́ pé ó ń pààyàn, ẹ sọ fún mi kí n lọ da gbogbo rẹ̀ sínú ṣáláńgá. Tí kò bá pààyàn, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé fún mi kí n máa gbé e ká Ṣàgámù."

Ó gbójú sókè, ó rí mi, ó sì dá mi mọ̀. Ó wo ilẹ̀. Kò sọ pé òun mọ̀ mí, èmi náà ò sọ pé mo mọ̀ ọ́n.

Ó yẹ kí n sọ, Bàbá. Òfin iṣẹ́ wa ni pé ẹni tó bá ní nǹkan nínú ọ̀rọ̀ kan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan eku ọ̀rọ̀ náà. Ó yẹ kí n sọ fún ọ̀gá mi pé èmi gan-an ni ọmọ òkú, kí wọ́n gbé e fún ẹlòmíì. Mo pa ẹnu mi dé. Mo gba àpò lọ́wọ́ ọkùnrin náà, mo ní ẹ kú ìrìn, bàbá, mo sì ń rò ó lọ́kàn mi pé Ọlọ́run Ọba ló gbé e wá bá mi níbi tí mo ti ń jẹun. Òun fúnra rẹ̀ ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá. Ta ló ní kó wá?

Mo wọn eku mẹ́sàn-án. Mo pín wọn ní mẹ́ta mẹ́ta. Àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ mu díẹ̀, àwọn mẹ́ta tó tẹ̀ lé wọn mu ìlọ́po mẹ́wàá ìyẹn, àwọn tó kẹ́yìn mu ìlọ́po mẹ́wàá tiwọn. Mo fa àga síwájú àgò wọn, mo jókòó tì wọ́n. Iṣẹ́ wa náà ni kí á jókòó tì wọ́n, ká máa wò ó bóyá irun wọn dìde, bóyá wọ́n ń gbọ̀n, bóyá wọ́n kọ oúnjẹ. Àmọ́ èmi ò kàn ń wò wọ́n. Mò ń bẹ̀ wọ́n. Mo ní kí wọ́n kú fún bàbá mi. Wọ́n fi ọwọ́ nu ojú wọn, wọ́n jẹun, wọ́n gun orí ara wọn sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló wà láàyè.

Mo fi kún un. Mo mú eku mẹ́ta míì, mo gbé e dé iye tó ga jù tí iṣẹ́ wa gbà, iye tó jẹ́ pé èèyàn tó bá fẹ́ mu ún, àfi kó fi olú ṣe oúnjẹ àárọ̀, kó fi ṣe tọ̀sán, kó tún fi ṣe talẹ́. Ọ̀kan ò kú. Ọ̀gá mi ní kí á wá máa fún àwọn míì ní díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n, ká lè mọ̀ bóyá ó ń bà wọ́n jẹ́ lábẹ́lẹ̀. Ìyẹn náà, wọ́n ń sanra ni. Ọ̀kan wà nínú wọn tó ní ìlà mẹ́ta nírù, tó jẹ́ pé tó bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ mi, á dìde dúró, á di irin àgò mú, á máa wá òórùn mi. Mo kórìíra rẹ̀ bí ẹni kórìíra èèyàn.

Bàbá Olólú yọjú lọ́jọ́ Jímọ̀ kan lẹ́yìn ìrun. Ọ̀gá mi ní kó lọ, pé iṣẹ́ ò tíì parí. Ó yà sẹ́nu ọ̀nà mi.

"Ọmọ Alájì, ṣé wọ́n ṣì ń jẹun?"

Mo ní wọ́n ń jẹun.

"Mò ń ṣàdúrà fún wọn," ló wí. "Bàbá ẹ máa ń wá jókòó tì mí, a ó máa jiyàn lórí obì àti olú, èwo ló ṣàǹfààní jù. Ohun tí mo fún un, òun náà ni mò ń fún ìyàwó mi kó tó lọ. Mo fẹ́ kó o mọ̀."

Mo yíjú sí ògiri títí ó fi lọ. Ẹ ò sọ fún wa rí pé ẹ máa ń jókòó tì í. Ṣé ọ̀rẹ́ yín ni?

Ọjọ́ yẹn ni mo ṣe ohun tí ojú ń tì mí láti sọ fún yín. Mo mọ ohun tí ọwọ́ mi lè ṣe. Ọ̀nà oúnjẹ àti ọ̀nà èémí kò jìnnà síra lọ́fun eku, tí abẹ́rẹ́ bá gba ọ̀nà kejì, inú ẹ̀dọ̀fóró ni oògùn máa dà sí, omi lásán pàápàá á pa á. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló máa ń ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Mo mú onílà mẹ́ta. Mo mọ̀ ọ́n mọ̀ gba ọ̀nà kejì, mo sì tẹ̀ ẹ́. Ó kú mọ́ mi lọ́wọ́ kí n tó ka mẹ́wàá. Mo nu ọwọ́ mi, mo kọ ọ́ sínú ìwé pé ọ̀kan ti kú, ayọ̀ tí mo yọ̀ ò sì pẹ́ ju ìgbà tí mo fi fọwọ́ lọ.

Dókítà Fọlákẹ́ la eku náà. Gbogbo eku tó bá kú la máa ń là, kí á lè mọ ohun tó pa á. Wọ́n rí ẹ̀dọ̀fóró tó kún fún omi olú. Wọ́n wò mí títí.

"Ọwọ́ ẹ ṣìnà lónìí."

"Ó ṣìnà, mà."

"Ọwọ́ tìẹ?"

Wọ́n kọ ọ́ pé àṣìṣe ọwọ́ ni, wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú iye, ọwọ́ mi tí wọ́n fi ń yangàn sì di ohun tí mò ń fi pamọ́ sínú àpò aṣọ iṣẹ́ mi.

Ẹ rò pé ìyẹn á jẹ́ kí n sinmi? Ẹ mọ̀ mí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo jókòó, mo rò ó, mo wá sọ fún ara mi pé mo ti gọ̀ jù. Ṣé ẹni tó mọ̀ pé wọ́n fẹ́ yẹ oògùn òun wò máa gbé èyí tó ń pààyàn wá ni? Èyí tó dáa ló gbé wá. Èyí tó tà fún yín yàtọ̀. Èyí tó tà fún yín ṣì wà nílé, níbi tí ẹ fi í sí.

Mi ò tíì wọ yàrá obì yín láti ìgbà tí ẹ ti lọ, Bùọ̀dá Mùtíù ti kó ọjà tiwọn lọ síbòmíì. Ewé ti gbẹ nínú àwọn agbọ̀n, ó ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Àpótí tí ẹ máa ń jókòó lé wà níbẹ̀, aṣọ tí ẹ fi ń nu obì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wà lórí rẹ̀, ẹ ká a dáadáa. Mo fẹnu kò ó. Mo nawọ́ sórí pẹpẹ, mo gbé agolo olú yín. Ó kù díẹ̀ nísàlẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí kò sẹ́ni tó wà níbi iṣẹ́, mo mú eku mẹ́ta tó ṣẹ́kù lára iṣẹ́ mìíràn. Ìwọ̀n kékeré tí mo fún àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ lọ́jọ́sí náà ni mo fún wọn, láti inú agolo yín. Wọn ò jókòó pẹ́. Itọ́ kọ́kọ́ ń yọ lẹ́nu wọn, ó rin irun àyà wọn. Lẹ́yìn náà ọwọ́ iwájú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, Bàbá, ó ń gbọ̀n gẹ́lẹ́ bí ọwọ́ yín ṣe ń gbọ̀n lórí obì. Orí wọn wá wúwo jù fún ọrùn wọn. Kí wọ́n tó pe ìrun ọ̀sán, gbogbo wọn ti kú. Mo forí kanlẹ̀ níbẹ̀, nínú òórùn eku, mo dúpẹ́. Mo ní ọwọ́ mi ti tẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ Mọ́ńdè, mo gbé agolo àti òkú eku mẹ́ta lọ bá Dókítà Fọlákẹ́, mo sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: ẹni tí mo jẹ́, ohun tí mo ṣe fún onílà mẹ́ta, àwọn mẹ́ta tí mo fún loògùn láìgbàṣẹ. Wọ́n bínú gan-an. Nígbà tó yá, wọ́n gbé agolo, wọ́n yí i sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì. Wọ́n fi èékánná ha etí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára. Bébà náà ṣí. Àwòrán kòkòrò kan wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n fi ìlà pupa méjì gba orí rẹ̀ kọjá bí àgbélébùú.

"Kí ni bàbá ẹ ń tà?"

Mo ní obì.

Wọ́n bu díẹ̀ lọ fún ẹni tó ń yẹ kẹ́míkà wò ní ẹ̀ka kejì, àmọ́ mi ò nílò kó dáhùn. Mo mọ agolo yẹn, ti oògùn kòkòrò ni. Gbogbo ẹni tó ń kó obì lọ sọ́nà jíjìn ló ní irú rẹ̀, tí wọn kì í jẹ́ kí oníbàárà rí i. Wọ́n máa ń wọ́n ọn sáàárín ewé kí kòkòrò má bàa jẹ obì tán kó tó dé Òkè Ọya. Ẹ̀yin náà ń wọ́n ọn. Ẹ sì ní ìwà kan tí ìyá mi tìtorí rẹ̀ bá yín jà títí tí wọ́n fi fi ayé sílẹ̀, ẹ kì í ju agolo nù. Ẹ ó gbá a mọ́ ògiri lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ó ní ó ti mọ́.

Ẹlòmíì á dúró níbẹ̀, á ní Alájì ló fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀. Mo fẹ́ dúró níbẹ̀. Mo tiẹ̀ bínú sí yín fún ọjọ́ méjì, mo bá fọ́tò yín jà. Àmọ́ ọ̀gá mi na bébà náà sí mi kí n wò ó, mo sì rí ohun tó wà lára rẹ̀. OLÚ ALÁJÌ, ní lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà, pẹ̀lú ìlà kan lábẹ́ rẹ̀ bí a ṣe máa ń fà á níbi iṣẹ́ wa. Ọwọ́ mi ló kọ ọ́.

Gbogbo rẹ̀ padà sí mi lórí. Ọjọ́ Àìkú ni, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ògèrè dé. Ọ̀rá ìyẹ̀fun náà ti ya. Ẹ ní kí n bá yín dà á sínú agolo tó wà lórí pẹpẹ, pé ó ti ṣófo. Èmi tí mo ti bínú pé ẹ tiẹ̀ rà á, mo dà á síbẹ̀ pẹ̀lú ìkanra, mi ò wo ìdí agolo. Kò ṣófo tán. Ìyẹn ni kò fi ṣe yín nǹkan kan ní oṣù àkọ́kọ́. Òkè lẹ̀ ń bù. Bí síbí yín ṣe ń súnmọ́ ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ yín ń gbọ̀n sí i. Lẹ́yìn tí mo dà á tán, mo mú bébà àti bírò jáde nínú báàgì mi, mo lẹ̀ ẹ́ bo àwòrán yẹn mọ́lẹ̀, mo sì fi àtàǹpàkò tẹ etí rẹ̀ kó má bàa ká. Èmi tí mò ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọọdún pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ da nǹkan sínú ohun tí kò mọ ohun tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣé mo rí kòkòrò yẹn kí n tó bò ó? Mo ti bi ara mi títí. Ẹ̀yin ẹ wà níbẹ̀, Bàbá. Ṣé mo rí i?

Wọ́n gba iṣẹ́ náà kúrò lọ́wọ́ mi, ẹlòmíì ló parí ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n. Ẹ̀dọ̀ àwọn eku mọ́, kíndìnrín wọn mọ́. Wọn ò tíì pinnu ohun tí wọ́n máa fi mí ṣe. Nígbà tí ìwé èsì jáde, mo bẹ ọ̀gá mi kí wọ́n jẹ́ kí n gbé e lọ fún Bàbá Olólú fúnra mi, wọ́n sì gbà, bóyá torí wọ́n fẹ́ kó dùn mí.

Àná ni mo lọ sí Ògèrè. Bàbá Olólú ṣì ń tẹ́ páànù wọn síbẹ̀, láìsí ẹni tó ń rà. Wọn ò lè ka ìwé òyìnbó, wọ́n ní kí n kà á fún àwọn. Mo dúró létí títì, mo kà á láti òkè délẹ̀, mò ń túmọ̀ rẹ̀, àwọn tírélà ń kọjá. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n nu ojú wọn. Wọ́n wá bi mí.

"Kí ló wá pa Alájì?"

Mo ti ṣètò ohun tí màá wí. Màá ní oògùn kòkòrò ni, màá ní agolo ni. Àmọ́ wọ́n ń wo ojú mi bí ẹni tó jẹ́ ọ̀rẹ́ yín, mo sì sọ fún wọn pé èmi ni. Mo sọ bí mo ṣe dà á àti bí mo ṣe lẹ bébà mọ́ ọn. Wọ́n jókòó sórí òkúta. Mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n ṣe mí bí wọ́n bá ṣe fẹ́, kí wọ́n gbá mi létí, kí wọ́n pe àwọn èèyàn lé mi lórí. Ká ní èmi ni, ohun tí ǹ bá ṣe nìyẹn.

"Mi ò fẹ́ bébà," ni wọ́n wí, wọ́n sì dá ìwé náà padà sí mi lọ́wọ́. "Ìyàwó mi ò gbọ́ òyìnbó. Ẹnu tó sọ ọ́ ni kó lọ tún un sọ."

Mo ní màá ṣe é.

Bàbá, mi ò mọ bí èèyàn ṣe ń dárí ji ẹni. Ẹ ò kọ́ mi, ẹ kàn ń fi mí rẹ́rìn-ín ni. Ìbúra tí mo bú lórí yín ṣì wà, mi ò lè yí i padà torí pé orúkọ ti yàtọ̀. Gbogbo ibi tí mo ti sọ ọ́ ni màá padà lọ, mọ́sáláṣí, ọjà, ilé àwọn òbí obìnrin yẹn, màá sì dárúkọ ẹni tó pa bàbá mi. Mi ò ní rẹ ohùn sílẹ̀ fún un. Bùọ̀dá Mùtíù ni màá kọ́kọ́ sọ fún. Ẹ mọ̀ wọ́n, ẹ mọ bí wọ́n ṣe fẹ́ràn yín tó àti ohun tí wọ́n ní lọ́kàn fún ẹni tó pa yín. Wọ́n ti Òkè Ọya dé báyìí, mò ń gbọ́ wọn níta tí wọ́n ń sọ ẹrù kalẹ̀. Wọ́n ń bèèrè ibi tí mo wà.

Èmi ni ọmọbìnrin yín, tí kò fẹ́ràn ẹnikẹ́ni láyé tó bó ṣe fẹ́ràn yín.